Nígbà Tí Oúnjẹ Kò Lọ Mọ́, Tí Jẹjẹrẹ Tó Fà Á Kò Sì Sí Nínú Ọ̀fun

Ẹnì kan á ní oúnjẹ ń há òun láyà. Bó bá ti gbé òkèlè mì, á dúró sí àárín àyà, á ní láti fi omi tì í, nígbà mìíràn omi náà á tún padà wá sẹ́nu. Ó lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ti kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, wọn ò rí egbò, wọn ò rí kókó. Wọ́n gé díẹ̀ lára ẹran ibẹ̀ fún àyẹ̀wò, èsì sì jáde pé kò sí jẹjẹrẹ. Gbogbo ilé dúpẹ́. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí onítọ̀hún ti rù kan egungun, CT scan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, fi hàn pé jẹjẹrẹ wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun ló ti bẹ̀rẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló wà, tàbí orí àpòlúkù, tàbí kó jẹ́ jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ti tọ́jú láti ọdún gbọọrọ ló tún yọjú.

Kì í ṣe ohun tó wọ́pọ̀. Nínú èèyàn 100,000, nǹkan bí ẹnì kan ni wọ́n máa ń ṣàwárí achalasia lára rẹ̀ lọ́dún kan, ìyẹn àìsàn tí ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun fi máa ń kọ̀ tí kò ní ṣí fún oúnjẹ. Nínú àwọn tí àyẹ̀wò wọn jọ ti achalasia, bí ẹni 2 sí 4 nínú 100 ló jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń ṣe wọ́n, jẹjẹrẹ ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Pseudoachalasia ni àwọn dókítà ń pe irú èyí.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ náà fi ń gbóná nísinsìnyí? Ìdí kan ni pé ìtọ́jú achalasia ti rọrùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọdún 2008, dókítà Haruhiro Inoue ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà ẹnu la ẹran ara ọ̀nà ọ̀fun tó kọ̀ tí kò ṣí náà láti inú, láìla ikùn aláìsàn rárá. POEM ni wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ yìí, ó sì ti tàn ká ayé. Ohun tó bá sì ti yá, tí kò nira púpọ̀, èèyàn máa ń tètè sáré sí i. Ìdí mìíràn ni pé àwọn tí wọ́n tọ́jú fún jẹjẹrẹ ń pẹ́ láyé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí sì ń fún àìsàn àtijọ́ láyè láti padà wá gba ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò. Lẹ́yìn náà ni àwọn oògùn jẹjẹrẹ ìgbàlódé tó ń ru àwọn ọmọ ogun ara sókè, tí àwọn náà lè ba ọ̀nà ìgbémì jẹ́. A máa dé orí ìyẹn.

Ọ̀nà ọ̀fun àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Ó gba ẹ̀yìn ọ̀nà èémí sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lẹ́yìn ọkàn, ó gba ojú ihò kan nínú awọ ẹran tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn, kó tó wá já sí àpòlúkù. Oúnjẹ kì í ṣàdédé já bọ́ gba ibẹ̀. Ẹran inú ògiri rẹ̀ ló ń fún un wálẹ̀ ní ìgbì-ìgbì, ìdí nìyẹn tí ẹni tó dorí kodò pàápàá fi lè gbé omi mì. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, òrùka ẹran kan wà tó máa ń padé kí omi kíkan inú àpòlúkù má baà gùn wá sókè. Bí oúnjẹ bá ń bọ̀, òrùka náà á dẹ̀, oúnjẹ á kọjá, á tún padé.

Àwọn iṣan ìmọ̀lára tín-ín-tìn-ìn-tín tó tò sáàárín ìpele ẹran méjì inú ògiri yẹn ló ń pàṣẹ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan lára wọn ń sọ fún ẹran pé kó fún, àwọn kan ń sọ pé kó dẹ̀. Lára ẹni tó ní achalasia tòótọ́, àwọn tó ń sọ pé kó dẹ̀ ni wọ́n ń kú tán díẹ̀díẹ̀. Òrùka náà á wá wà ní pípadé, ìgbì tó ń ti oúnjẹ wálẹ̀ á dáwọ́ dúró, oúnjẹ á sì máa kóra jọ sókè. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ló máa ń padà wá sẹ́nu lóru, tí irọ̀rí á tutù, tí ẹni tó sùn á jí pẹ̀lú ikọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń kọ́ra láti sùn lórí ìjókòó kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn.

Àìsàn àtijọ́ ni. Ní ọdún 1674, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Willis, kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tí oúnjẹ kì í wọnú rẹ̀. Ó fún un ní egungun àbùùbùtán tí wọ́n so kànìnkànìn mọ́ lórí, kí ó máa fi ti oúnjẹ wọlé fúnra rẹ̀. Ọdún 15 ni ọkùnrin náà fi ń jẹun báyìí. Ní 1913, Ernst Heller ní Jámánì ṣe iṣẹ́ abẹ tó la ẹran òrùka náà, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n ṣì fi ń pe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ó di 1947 kí oníṣẹ́ abẹ Heneage Ogilvie ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàlàyé bí jẹjẹrẹ ṣe lè rá pálá lábẹ́ awọ inú ọ̀nà ọ̀fun, tí ohun gbogbo á jọ achalasia láìṣẹ́kù. Ìgbà yẹn ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé àwọn àìsàn méjèèjì lè jọra, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì títí di òní. Ohun tó fà á kì í ṣe àìmọ̀wé. Bí jẹjẹrẹ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ló le.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó wọ́pọ̀ jù wò, ìyẹn jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lórí àpòlúkù, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti já sí i. Ògiri ọ̀nà ọ̀fun ní ìpele-ìpele: awọ tó fojú kan oúnjẹ ló wà lókè, àwọn ìpele ẹran àti iṣan ìmọ̀lára wà lábẹ́ rẹ̀. Jẹjẹrẹ yìí lè gba abẹ́ awọ gòkè, kó wọ àárín àwọn iṣan tó ń pàṣẹ, kó pa wọ́n, kí awọ òkè sì máa dán bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Kámẹ́rà ò rí ju orí awọ lọ. Irin kékeré tí wọ́n fi ń gé ẹran fún àyẹ̀wò kì í gé ju mílímítà mélòó kan, ara awọ náà ló sì ti ń gé e. Nítorí náà, bí èsì bá ní kò sí jẹjẹrẹ, ohun tó ń sọ ni pé kò sí jẹjẹrẹ nínú ègé tí wọ́n gé. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a máa sọ fún aláìsàn nìyẹn, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí ó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni pé kí jẹjẹrẹ máa fún ọ̀nà ọ̀fun láti ìta. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà inú ikùn ló ní awọ fẹ́lẹ́ kan tó bò wọ́n níta, ọ̀nà ọ̀fun inú àyà kò ní in. Ó fara kan ọ̀nà èémí, ó fara kan àwọn kókó kéékèèké tó máa ń wú nígbà tí ara bá ń bá àrùn jà, ẹ̀dọ̀fóró sì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Bí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bá ti wọ inú àwọn kókó tó wà níbi tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì, wọ́n á wú, wọ́n á sì tẹ ọ̀nà ọ̀fun mọ́ egungun ẹ̀yìn. Lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ àwọn kókó náà fúnra wọn, lè ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ pánkíríàsì, ti kídìnrín àti ti pírósítéètì ti ṣe é rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Ihò ọ̀nà ọ̀fun tí ara rẹ̀ yá lè fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ bí òkèlè ńlá bá ń kọjá. Bó bá ti sún kì sí mílímítà 13, oúnjẹ líle ò lè ṣe kó má há mọ́.

Ibí yìí ni ohùn ti máa ń bá wa sọ̀rọ̀, bí a bá fetí sí i. Iṣan ìmọ̀lára tó ń mú ohùn jáde lápá òsì kì í gba ọ̀nà tààrà lọ sí gògóńgò. Ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wọ inú àyà, ó yí abẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde, kó tó tún gòkè padà sí ọrùn. Jẹjẹrẹ tó bá wà ní ẹ̀dọ̀fóró òsì lè tẹ̀ ẹ́ pa lójú ọ̀nà. Ohùn ẹni náà á há, omi tó bá mu á máa ṣìnà wọ ọ̀nà èémí, ikọ́ á sì gbà á lẹ́nu bó bá ti gbé ife sẹ́nu. Oúnjẹ tó ń há láyà pẹ̀lú ohùn tó há láti bí oṣù kan tàbí méjì: ẹni tí nǹkan méjèèjì bá bá lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé ìwòsàn láìya àwòrán àyà.

Ti jẹjẹrẹ ọmú tún yàtọ̀. Ó lè gba ojú ọ̀nà omi ara láti àyà wọ àárín ọ̀nà ọ̀fun, kó sì jókòó sábẹ́ awọ níbẹ̀. Àkókò tó máa ń gbà ló ń ṣi èèyàn lọ́nà: ó lè tó ọdún 10 lẹ́yìn ìtọ́jú àkọ́kọ́, a sì ti rí i tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká sọ pé wọ́n gé kókó ọmú fún obìnrin kan lẹ́ni ọdún 48, ó gba ìtọ́jú pé, wọ́n ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Ó di ẹni ọdún 61, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í há a. Ó lọ bá dókítà tí kò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n bi í léèrè àìsàn tó ní, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni. Kò purọ́. Lọ́kàn rẹ̀, ti ọmú ti parí, kí ló fẹ́ kan ọ̀fun? Dókítà náà kò sì béèrè síwájú.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti jẹjẹrẹ tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun rárá, tí kò wọ inú ògiri rẹ̀, tí kò tẹ̀ ẹ́ láti ìta, tó kàn jókòó sí ibi tirẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan wà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, tó sì máa ń tètè tàn. Small cell ni wọ́n ń pè é, òun ló sì ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 gbogbo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń gbé èròjà kan jáde tó ń jẹ́ HuD, tó jẹ́ pé inú àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára ló yẹ kó wà. Àwọn ọmọ ogun ara á rí èròjà yìí lára jẹjẹrẹ, wọ́n á kà á sí ọ̀tá, wọ́n á gbógun tì í. Ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa nìyẹn. Àmọ́ wọn kì í dúró síbẹ̀. Wọ́n á tún rí èròjà kan náà nínú iṣan ìmọ̀lára tó wà nínú ògiri ọ̀nà ọ̀fun, ti àpòlúkù àti ti ìfun, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn náà run. Èròjà agbóguntàrùn tí wọ́n fi ń dá èyí mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni anti-Hu. Lẹ́tà méjèèjì yẹn wá láti inú orúkọ aláìsàn tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀.

Nítorí pé ara ti ń bá jẹjẹrẹ náà jà, ó lè kéré gan-an nígbà tí wàhálà oúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ á ti máa há fún oṣù mélòó kan, inú á ti kún, ìgbẹ́ á ti kọ̀, ojú á máa ṣú onítọ̀hún bó bá dìde dúró nítorí pé ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀, kí X-ray àyà tó fi nǹkan kan hàn. Nígbà mìíràn, àfi CT scan tàbí PET, àwòrán tó ń fi ibi tí jẹjẹrẹ wà nínú ara hàn, ló lè tú u fó. Ẹni tó bá ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí irú nǹkan báwọ̀nyí wá ń ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ inú tàbí àìbalẹ̀ ọkàn lé e lọ.

Àìsàn mìíràn tó tún jọ bẹ́ẹ̀ ni dermatomyositis, tó máa ń mú kí ẹran apá àti itan rọ, tí ara á sì yọ pupa káàkiri ìpéǹpéjú àti oríkèé ọwọ́. Lára àwọn àgbàlagbà kan, jẹjẹrẹ ló máa ń fà á, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti ilé ẹyin obìnrin, tàbí ti ọmú. Apá òkè ọ̀nà ọ̀fun ni ó máa ń dà láàmú, nítorí pé irú ẹran tó wà lápá àti nítan ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, oúnjẹ á há ní ọrùn, kì í ṣe láyà, omi á sì máa gba imú jáde.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ló ṣáájú, ó sì níye lórí ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Bí ohun kan bá dí ọ̀nà ọ̀fun, oúnjẹ líle ló kọ́kọ́ máa ń há, á tó ìgbà díẹ̀ kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bó bá jẹ́ pé àṣẹ iṣan ìmọ̀lára ló bàjẹ́, omi àti oúnjẹ líle sábà máa ń há láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1978, Tucker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀wé kan jáde lórí àwọn tí jẹjẹrẹ fa achalasia wọn. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n tọ́ka sí: ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, tí ìṣòro náà kò tíì pé ọdún kan lára rẹ̀, tó sì ti fi nǹkan bíi kílò 7 rù. Achalasia tòótọ́ kì í kánjú. Ọ̀pọ̀ tó ní in ló ti ń bá a fà á fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó rí dókítà. Ìlànà mẹ́ta yìí ò gún régé tán, mo mọ̀. Àgbàlagbà lè ní achalasia tòótọ́, àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú lè ní jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé sára ẹnì kan, mi ò rí ìdí tí a ó fi máa gbé ìfura jẹjẹrẹ sẹ́yìn.

Àyẹ̀wò barium ṣì wúlò gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ ohun àtijọ́. Wọ́n á fún aláìsàn ní ife omi funfun tó nípọn, á máa mu ún díẹ̀díẹ̀ lórí ìdúró níwájú ẹ̀rọ X-ray. Lójú àwòrán, omi náà á funfun báláú. Lára ẹni tó ní achalasia tòótọ́, ọ̀wọ̀n funfun náà á fẹ̀ lókè nítorí pé oúnjẹ ti ń kóra jọ síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, á wá tín-ín-rín lójijì ní ìsàlẹ̀. Etí rẹ̀ á dán, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á bára mu, ó rí bí àgógó ẹyẹ. Bí jẹjẹrẹ bá wà ńbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan lè wọ inú ju èkejì lọ, etí rẹ̀ á rí págunpàgun. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2000 fi kún un pé bí ibi tó tín-ín-rín bá gùn ju sẹ̀ǹtímítà 3.5 lọ, tí òkè rẹ̀ kò sì tíì fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ó yẹ kí a fura. Àìsàn tuntun kò tíì rí àyè fẹ ọ̀nà ọ̀fun.

Kámẹ́rà náà ní ohun tó lè sọ, bí ẹni tó mú un bá fara balẹ̀. Dókítà lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Bí orí kámẹ́rà bá dé ibi òrùka ẹran, tó sì jẹ́ achalasia tòótọ́, yóò há díẹ̀, àmọ́ bó bá rọra tì í, á yọ̀ wọlé. Bó bá le gbagidi, tí kò gbà rárá, ìfura yẹ kó wọlé. Bó bá wá kọjá sínú àpòlúkù, ó yẹ kó yí ojú kámẹ́rà padà sókè, kó wo ibi tí òun gbà wọlé láti ìsàlẹ̀. Lójú iṣẹ́ tó ń sáré, ibi tí wọ́n máa ń gbójú fò nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni jẹjẹrẹ orí àpòlúkù máa ń wà.

Manometry, àyẹ̀wò tó ń wọn bí ẹran ṣe ń fún, ni gbogbo ayé gbà pé ó dára jù láti mọ achalasia. Òótọ́ ni. Àmọ́ kò lè sọ ohun tó fà á. Nọ́ńbà ẹni tó ní achalasia tòótọ́ àti ti ẹni tí jẹjẹrẹ pa iṣan rẹ̀ lè bára mu pátápátá. CT scan àyà àti ikùn ló ń fi ohun tó wà níta ògiri hàn. Àyẹ̀wò mìíràn ni kámẹ́rà tó ní ẹ̀rọ ultrasound kékeré lórí: ó ń rí ìpele ògiri náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè ti abẹ́rẹ́ gba inú rẹ̀ fa sẹ́ẹ̀lì jáde láti ibi tí irin gígé kò lè dé. Ní 2015, NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé kí ẹnikẹ́ni tí oúnjẹ bá ń há rí kámẹ́rà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dára púpọ̀, àmọ́ kámẹ́rà nìkan nìyẹn.

Bí wọ́n bá ṣì í mú, kì í ṣe àkókò nìkan ló ń bá a lọ. Àwọn kan á gba bọ́ọ̀lù afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ òrùka náà ní tipátipá. Bí ògiri ibẹ̀ bá ti le nítorí jẹjẹrẹ, kò ní fẹ̀, ó sì lè ya. Àwọn mìíràn á ṣe iṣẹ́ abẹ Heller tàbí POEM, oúnjẹ á lọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tàbí kó má tilẹ̀ lọ rárá, jẹjẹrẹ á sì ti rí oṣù mélòó kan sí i.

Ìtọ́jú tó tọ̀nà ni kí wọ́n tọ́jú jẹjẹrẹ náà níbi tó wà. Lymphoma máa ń dáhùn sí kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, dáadáa, bí àwọn kókó inú àyà bá sì ti sọ̀, oúnjẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láìfọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun. Ti anti-Hu kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára tó bá ti kú kì í jí. Ohun tí ìtọ́jú ẹ̀dọ̀fóró sábà máa ń ṣe ni kó dá ìbàjẹ́ náà dúró síbi tó dé, ìdí sì nìyẹn tí oṣù kan fi ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ.

Nígbà tí jẹjẹrẹ bá ti kọjá ohun tí wọ́n lè mú kúrò, oúnjẹ ṣì gbọ́dọ̀ lọ. Wọ́n lè fi stent sí i, wáyà híhun tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bó bá ti wọ ibi tó dí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni náà á lè jẹ oúnjẹ rírọ̀. Bí stent bá kọjá òrùka ìsàlẹ̀, omi kíkan á ní ọ̀nà gbalasa láti gùn sókè, nítorí náà orí ibùsùn gbọ́dọ̀ ga. Ìtànṣán tí wọ́n gbé sínú ọ̀nà ọ̀fun fúnra rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, àmọ́ àǹfààní rẹ̀ máa ń tọ́jọ́ ju ti stent lọ. Ẹni tí kò bá sí èyí tó bá a mu lè gba rọ́bà tó wọ àpòlúkù láti ara ikùn. Àwọn ẹbí máa ń kọ èyí nítorí wọ́n rò pé òpin ti dé. Mo ti rí i kà lọ́pọ̀ ìgbà pé rọ́bà yẹn ló fún aláìsàn lágbára tó fi gba kẹ́mò.

Ó ku ti àwọn oògùn tuntun. Ní 2011 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ipilimumab, àkọ́kọ́ nínú àwọn oògùn tó ń tú ìjánu ọmọ ogun ara sílẹ̀ kí wọ́n lè kọjú sí jẹjẹrẹ. James Allison àti Tasuku Honjo tí wọ́n la ọ̀nà náà gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Ní 2019, irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan, atezolizumab, wọ inú ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró small cell, èyí tí a ní òun ló máa ń fa anti-Hu. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹni tí àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ti ń ṣi iṣan ìmọ̀lára pa tẹ́lẹ̀, tí a wá tún tú ìjánu wọn sílẹ̀, wàhálà rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Kódà lára ẹni tí kò ní anti-Hu, oògùn wọ̀nyí lè fa myasthenia gravis, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí ẹran ara máa rẹ̀, tàbí kí ẹran ara wú, tí ìpéǹpéjú á wọ́ wálẹ̀, tí oúnjẹ ò sì ní lọ mọ́. Pàjáwìrì nìyẹn, nítorí pé mímí lè kàn lẹ́yìn rẹ̀. Ìtọ́jú ìtànṣán sí àyà náà lè mú kí ọ̀fun máa ro láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ọ̀nà ọ̀fun sì sún kì lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tó há lára ẹni tó ní jẹjẹrẹ ni jẹjẹrẹ fà, ìdí nìyẹn tí dókítà jẹjẹrẹ fi gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ kíá, kì í ṣe ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Ẹni tí oúnjẹ bá ń há, kó sọ gbogbo jẹjẹrẹ tó ti ní rí fún dókítà, ìbáà ṣe ogún ọdún sẹ́yìn, ìbáà ṣe ibi tó jìnnà sí ọ̀fun. Kó sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ gan-an àti iye tó ti rù. Bí wọ́n bá ní achalasia ni, tó sì ti lé ní 50, kó béèrè bóyá wọ́n ti ya CT scan àyà àti ikùn, kó tó gbà kí wọ́n la òrùka náà. Bí wọ́n bá sì ti là á, tí oúnjẹ ò lọ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, CT scan mìíràn ló yẹ kó ṣáájú iṣẹ́ abẹ kejì.